Ohun Tí Fìrísà Sọ fún Ọmọ́túndé

Ọmọ́túndé kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá lójú òun láìbi í léèrè. Bí ìrẹsì bá jóná, ẹlòmíràn á bínú, á da omi sí ìkòkò. Òun á gbé ìkòkò náà kalẹ̀, á yẹ ìdí rẹ̀ wò, á máa rò ó pé kí ló dé tí iná fi mú apá kan tí kò mú apá kejì. Ìyá rẹ̀ ní Ìkirun máa ń sọ pé ọmọ yìí yóò bi ikú pàápàá pé kí ló ń wá. Nígbà tí ó fẹ́ Akínyẹmí, tí àwọn méjèèjì sì kó wá sí Ọ̀tà, kò fi ìwà náà sílẹ̀ sílé.

Ní àkókò náà, yunifásítì àti ilé ìjọsìn ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Ibi tí ó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lánàá, ẹ óò débẹ̀ lónìí kí ẹ rí i pé wọ́n ti mọ odi yí i ká. Akínyẹmí ń kan tábìlì àti àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀kan lára àwọn yunifásítì wọ̀nyí, Ọmọ́túndé sì ń rán kọ́tìnì fún ilé àlejò ìjọ. Yàrá méjì ni wọ́n gbà lẹ́bàá ọgbà náà. Wáyà kan náà ló gbé iná lọ sí yunifásítì tó gbé e wá sí ilé wọn, nítorí náà iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Fìrísà wọn ń dì ní tòótọ́, nígbà tí fìrísà àwọn ojúlùmọ̀ wọn ní Ṣàngó ti di àpótí ìkáṣọsí.

Baba Oyèwọlé, bàbá Akínyẹmí, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni bàbá yìí ti lo agbára rẹ̀. Níbẹ̀, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, wọn a máa fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò mínírà kan tí ó tutù nini. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àtọ̀gbẹ bá a jà, tí egbò yọ sí ọ̀kan nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò sì jiná, dókítà sọ ọ́ láìfi bò: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá kò bá wálẹ̀ kí wọ́n tó padà wá lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, àfi kí wọ́n gé ìka náà. Bàbá gbọ́. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Àmọ́ oòrùn Èrèlé ń ṣe bí ẹni pé Ọ̀tà nìkan ni wọ́n rán an wá, bí Ọmọ́túndé bá sì ti ń gbálẹ̀ ni ó ń fi ọwọ̀ kan ìgò mínírà òfìfo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá.

Akínyẹmí bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ọmọ́túndé kò bá a jà ní tirẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kí ni ẹ ń wá nínú mínírà yìí gan-an? Ṣé adùn rẹ̀ ni, àbí bó ṣe ń ta ni nímú, àbí òtútù rẹ̀?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ń bá mi jà, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè." Ó wá ronú sí i. "Òtútù ni. Òtútù tí èèyàn á máa gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láyà. Ṣùgbọ́n bí kò bá dùn díẹ̀, omi lásán ni. Ṣé omi lásán ni wọ́n ń fún àgbà nínú oòrùn?"

Òtútù, pẹ̀lú adùn díẹ̀. Ọmọ́túndé gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé bí ẹni gbé iṣẹ́ ilé wálé láti ilé ìwé. Ó pinnu pé òun yóò máa fi èso ṣe ohun mímu dídì fún Bàbá nílé, tí kò ní ní ṣúgà nínú. Àkókò agbálùmọ̀ ni, ó sì fi agbálùmọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó yọ kóró rẹ̀, ó lọ ọ́ pẹ̀lú omi, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó lẹ́nu, ó kó o sí fìrísà. Bàbá fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ lé òun lọ sílé, kí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìyá Fàlílù ni ó wá gbà á nímọ̀ràn. Àdìzát ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, yàrá tí ó kọjú sí tiwọn ni ó ń gbé, èso tí ó ń rà ní Alapoti ni ó sì ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní bí àwọn bá ń gbààwẹ̀, dàbínù làwọn fi ń ṣínu, dàbínù kan ṣoṣo sì lè mú kí ẹnu dùn títí di ìdájí. Kí Ìyá Àdúrà, bí wọ́n ṣe ń pe Ọmọ́túndé nínú ilé náà, rẹ ẹ́ sómi, kí ó lọ ọ́ mọ́ agbálùmọ̀, kí ó wá wò ó.

Ọmọ́túndé ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá fa ọ̀rá àkọ́kọ́ mu, ó na ọwọ́ fún èkejì. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìgò fi dẹ́kun láti máa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí wú Ọmọ́túndé lórí. Ó ń lọ dàbínù sí ọ̀pẹ̀yìnbó, ó ń lọ ọ́ sí ọsàn, Bàbá sì ń mu ún láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí ó ṣe dùn tó báyìí láìní ṣúgà, Ọmọ́túndé á ní Ọlọ́run ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un dùn, ohun tí Ọlọ́run bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú dùn kò lè pa ọmọ Ọlọ́run lára. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé ṣúgà ti kúrò nílé àwọn. Ìjọ hó yèè. Kí wọ́n tó túra ká, àwọn ìyá ti yí i ká, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta dàbínù.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Ọdún Àjíǹde dé, ìyàwó àbúrò Ìyá Fàlílù bímọ. Ìyá Fàlílù bẹ Ọmọ́túndé pé kí ó bá òun dì sóbò fún ìsọmọlórúkọ, èyí tí ó ní ṣúgà dáadáa, nítorí pé àlejò kò níí fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ọmọ́túndé to sóbò náà sí apá òsì fìrísà, ó to agbálùmọ̀ oní-dàbínù ti Bàbá sí àárín, ó sì kó ọ̀rá omi lásán sí apá ọ̀tún. Àárọ̀ ni ó kó gbogbo rẹ̀ sí i. Nígbà tí ó ṣí fìrísà ní ìrọ̀lẹ́, omi lásán ti le bí òkúta. Ó fọwọ́ tẹ sóbò, ó rí i pé ó ṣì ń rọ̀ nínú ọ̀rá bí ògì. Ó fọwọ́ tẹ ti Bàbá: òun náà ń rọ̀ bí ògì.

Ẹlòmíràn ìbá ti ìlẹ̀kùn fìrísà, ìbá bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ọmọ́túndé dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i láyà. Kí ni kò jẹ́ kí sóbò dì? Ó pọn omi, ó pín in sí ọ̀rá mẹ́ta. Kò fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́, ó bu ṣúgà díẹ̀ sí èkejì, ó bu púpọ̀ sí ẹ̀kẹta. Ó kó wọn sí fìrísà. Nígbà tí ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kejì, eléyìí tí kò ní nǹkan kan le gbagidi, oníṣúgà díẹ̀ le díẹ̀, oníṣúgà púpọ̀ ń rọ̀. Ṣúgà ni kì í jẹ́ kí omi le. Inú rẹ̀ dùn pé òun mọ̀ ọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ọ̀rá tó wà láàárín, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Fìrísà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kò gbọ́ ẹ̀rí tí ó jẹ́ ní ìjọ. Kò mọ èyí tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ èyí tí wọ́n rà nínú páálí. Ṣúgà ni ó bá nínú méjèèjì.

Akínyẹmí ní kí ó fara balẹ̀, kí wọ́n dúró kí dókítà yẹ Bàbá wò ná. Ọmọ́túndé kò lè dúró. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà. Nọ́ọ̀sì náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣúgà wà nínú dàbínù dáadáa, ó wà nínú oyin, ó wà nínú èso pàápàá. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn lọ pọ̀, tí ó ń mu láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, kí ló fi yàtọ̀ sí mínírà?

Ó délé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ló ṣe àṣìṣe náà. Bàbá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì.

"Ta ló ní kí o lọ bi fìrísà léèrè?"

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Ara mi ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dáa. Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, màá padà sídìí mínírà mi. Òun kò purọ́ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọmọ́túndé lára ju bí Bàbá ìbá ṣe bú u lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú láìrí nǹkan fi rọ́pò rẹ̀, Bàbá yóò lọ, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ó se ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò pẹ̀lú atalẹ̀ àti kánáfùrù, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó gé ọ̀pẹ̀yìnbó bíńtín sínú rẹ̀ kí ó lè máa ta sánsán. Kò fi dàbínù sí i, kò fi oyin sí i. Ó dì í nínú abọ́ ike. Nígbà tí ó yọ ọ́, ó le tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi dún kò nígbà tí ó kan tábìlì. Inú rẹ̀ dùn sí líle náà, nítorí ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Bàbá gbé e sẹ́nu, ó yára gbé e kúrò.

"Ìyá Àdúrà, ṣé o fẹ́ yọ eyín mi kí wọ́n tó yọ ìka ẹsẹ̀ mi ni?"

Òótọ́ ni. Adùn tí ó ti kúrò ló mú rírọ̀ lọ. Bí ó bá dúró kí ó yọ́, ó di omi lásán, òtútù á sì lọ. Ọmọ́túndé gbé abọ́ náà padà sí ilé ìdáná, ó ń wò ó, ó ń wo gbogbo ohun tí ó wà lórí pẹpẹ. Ó fi ọ̀bẹ gún un, ó kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí àwọn èérún rẹ̀ sì ń fò káàkiri. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí páànù tí ó fi ń rin ilá. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó da omi gbígbóná sí i, ó sì rin yìnyín pupa náà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń rin ilá. Ó ń bọ́ sínú kọ́ọ̀bù lẹ́búlẹ́bú, ó fúyẹ́, ó ń dán. Ó fi ṣíbí sí i, ó gbé e jáde kí ó tó yọ́.

Bàbá bu díẹ̀. Ó di ojú. Ó tún bu òmíràn.

"Ó kan," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó kan gan-an." Ó tún bu u. "Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀ kalẹ̀."

Ó fi ṣíbí ha ìdí kọ́ọ̀bù náà, ó sì gbé e padà fún Ọmọ́túndé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Ọmọ́túndé tún bọ́ síwájú ìjọ, ó sì sọ pé ẹ̀rí tí òun jẹ́ lọ́jọ́sí kò pé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tí ó ti ra dàbínù kún àpò kan kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọmọ́túndé lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rin yìnyín.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, òun àti Akínyẹmí mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n jókòó dè é lórí bẹ́ǹṣì, Ọmọ́túndé kò sì rántí béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé, dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ìgò lójú, tú báńdéèjì náà, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà, ó wo ìwé tí wọ́n mú wá fún un. Ó ní ṣúgà náà kò tíì wálẹ̀ tó bí àwọn ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wálẹ̀, egbò sì ti ń gbẹ láti etí. Kò sí ohun tí wọ́n máa gé. Kí Bàbá má dá oògùn rẹ̀ dúró, kí ó sì máa ṣe bí ó ṣe ń ṣe é lọ. Ó wá béèrè ohun tí Bàbá ń mu nínú oòrùn yìí.

Bàbá tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó ṣàlàyé ìṣápá, ó ṣàlàyé atalẹ̀, ó ṣàlàyé ìdí tí yìnyín tó dára fi gbọ́dọ̀ le, bí ẹni pé láti ìgbà tí ó ti wà nílé iṣẹ́ irin ni ó ti mọ̀ ọ́n. Akínyẹmí fẹ́ dá sí i, Ọmọ́túndé sì fi ẹsẹ̀ kàn án.

"Dókítà," ni Bàbá wí, "ṣé ẹ ní páànù tí wọ́n fi ń rin ilá nílé?"

Dókítà ní ìyàwó òun kì í rin ilá, ó máa ń lọ ọ́ ni.

Bàbá mi orí, ó bojú wẹ̀yìn. "Ìyá Àdúrà, bá wọn ra ọ̀kan bọ̀ tí a bá tún ń bọ̀. Kí o wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n."