Ìsàlẹ̀ Ìdodo Ni A Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì wà tí mo fi tọrọ rẹ̀. Ohun tí n kò tíì ṣe, tí n kò sì ní í ṣe, ni kí n sọ pé ìjókòó tí mò ń jókòó kò dára. Àwọn ẹbí wa ní Bẹ́yẹrúnkà ṣì ń retí pé màá sọ ọ́. Kí wọ́n máa retí lọ.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í sì í gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá lè ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, oorun kọ̀ mí sílẹ̀. Orí fóònù ni mo ti rí ìyá àgbà kan, ará Ṣáínà, tó ń kọ́ni ní irú ìjókòó tí àwọn ẹlẹ́sìn Táò ti ń jókòó láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Egbòogi inú ni wọ́n ń pè é. Kò sí ewé níbẹ̀, kò sí egbò. Ara èèyàn ni ìkòkò, èémí rẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná, ohun tí wọ́n sì ń sè ni agbára tó ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀.

Létòlétò ni wọ́n ń ṣe é. Ara ni a kọ́kọ́ ń tò: ẹ̀yìn á nàró, èjìká á rọ̀, ahọ́n á kan àjà ẹnu. Èémí ló kàn, ká máa mí jẹ́jẹ́ títí etí tiwa gan-an kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó kó ọkàn wa lọ sí ìsàlẹ̀ ìdodo, bí ìka mẹ́ta sí i, a ó sì fi í síbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni a fi ń jókòó ti ibẹ̀, títí ooru á fi kó ara rẹ̀ jọ. Ó dìgbà tó bá kún kó tó gba ẹ̀yìn gòkè lọ sí orí, kó sì gba iwájú sọ̀ kalẹ̀. Ìyókù, bí èémí ṣe ń di ẹ̀mí, tí ẹ̀mí sì ń padà síbi tí kò sí nǹkan kan, ìyá náà ní ká má tíì béèrè. Ó ní ẹni tó bá gbé e gorí kí ikùn tó kún, orí ara rẹ̀ ló ń sè.

Mo ṣe ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tèmi pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fo ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Oorun padà. Nígbà tí àwọn aládùúgbò mi ní Bẹẹrẹ rí i pé ara mi ti mókun, obìnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi jókòó lẹ́yìn ìrun Àsárì. Aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Orítamẹ́rin ló kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òun ló sì ṣe déédéé jù, ó ti fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ní òun náà ń bọ̀. Alájì ni, ó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba, ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í sùn. Ó wọlé, ó gba àga, ó béèrè ibi tí kálukú bá a dé. Mo ní èmi ti ń gbé e gba ẹ̀yìn, aránṣọ ti ń sún mọ́ mi, àwọn tó kù ṣì wà ní ikùn. Ó ní ṣé ọmọdé yìí ni yóò wá ṣíwájú òun? A rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín.

Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í bu oúnjẹ kí ẹ̀gbọ́n tó bù. Ẹran tó tóbi jù, ti ẹ̀gbọ́n ni. Ìjókòó tó wà nídìí fáànù, ti ẹ̀gbọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbé ibi tí èmi dé fún un. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ábídí, tí n kò jẹ́ kí ọmọ kankan fo lẹ́tà kan rí, mo ní kó máa gbé èémí gba ẹ̀yìn lọ sí orí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun ni àbúrò gbogbo wa nínú yàrá yẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ fi wá bá mi. Wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé wa, nítorí náà kò lè bú mi, ṣùgbọ́n kò kí mi dáadáa.

"Àǹtí, ẹ wá wo ohun tí ẹ fi ọkọ mi ṣe."

Orí ẹ̀gbọ́n mi gbóná, etí rẹ̀ ń dún, àyà rẹ̀ ń já, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́rin tí kò fojú kan oorun. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sókè débi pé dókítà kò jẹ́ kó padà sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé mo ti pa á.

Nígbà tó padà délé, ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n ní awo ni mò ń ṣe. Wọ́n ní ohun àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe ti Mùsùlùmí. Mo bi wọ́n pé ìrun wo ni mo pa jẹ. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ ẹ̀gbọ́n mi, kí n sì búra pé n kò ní í ṣe é mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ foríjì mí. Ipò àgbà yín ni mo wò, n kò wo àlàáfíà yín. Mo fún yín ní ohun tí kò tíì kàn yín. Èmi ni mo ṣẹ̀, ìjókòó náà kò ṣẹ̀ yín, n kò sì ní í fi í sílẹ̀."

Ariwo ta. Wọ́n ní ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé nítorí inú tó ń bí mi.

Méjì nínú àwọn obìnrin mi kò wá mọ́. Ó ku aránṣọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu tí a bá ń jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ wo awo, kó wá wò ó. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n yọjú. Wọ́n rí obìnrin méjì lórí ẹní tí wọn kò sọ̀rọ̀. Ó sú wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó tó oṣù méjì kí ẹ̀gbọ́n mi tó yọ sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ó ti rù. Ó ní oògùn ọsibítù ti mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òun kò sì fi í ṣeré, ṣùgbọ́n oorun ṣì ń sá fún òun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé òun wá. Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré gbé àga fún un. Mo di ara mi mú.

"Bọ̀dá mi, ẹní ni ẹ máa jókòó lé. Ikùn ni ẹ ó sì wà títí n ó fi ní ó tó. Aránṣọ yìí ni ẹ̀gbọ́n yín níbí."

Ọmọ náà fẹ́ dìde fún un, mo mi orí sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. Láti kékeré mi, bó bá ti wò mí báyìí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, n kò wo ilẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo fi ọwọ́ mi tún ẹ̀yìn rẹ̀ nà, mo sì fi ìka mẹ́ta han ibi tó máa kó ọkàn lọ.

Ọjọ́ kọkànlá tó ń wá ni ìyàwó rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ilé mi. Láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń sọ ohun tó máa fojú mi rí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yọjú wolé. Ọkọ rẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹní, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ bàtà, ó rọra wọlé, ó jókòó tì í.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i."

Mo ní ta ló fẹ́ jí i.