Bí Mo Ṣe Yan Sítáǹpù Baba Mautin Bí Ẹni Yan Ẹja

Kí n tó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe ikán. Èmi Sẹ̀tọ́njì ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé fóònù wá fún mi tún ṣe ní Ìbèrèkó lè máà mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan nípa sítáǹpù, ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. JS3 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kí lèmi fẹ́ fi sítáǹpù ṣe? Baba Mautin, àgbàlagbà àdúgbò wa ní Ajárá, ló kọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan ní ilẹ̀ Húngárì tí wọn ò fojú rí rí. Ilona lorúkọ ẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bára wọn ṣọ̀rẹ́, gbogbo lẹ́tà tí Ilona bá sì kọ ló máa ń ki sítáǹpù ìlú wọn sínú ẹ̀. Nígbà tó yá, lẹ́tà ò wá mọ́. Baba ò mọ ìdí ẹ̀ títí dòní. Sítáǹpù nìkan ló kù, Baba sì tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n ń kó sítáǹpù sí.

Ẹ má rò pé kí wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ni o! Baba á ní sítáǹpù méjì lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kan á ní eyín wínníwínní létí yí ká, èkejì á dán bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé. Ọ̀kan á dúdú bí aró, èkejì á ti ṣá díẹ̀. Ọ̀tọ̀ lojú ewé tí kálukú ń gbé.

Àmọ́ ojú Baba ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò dá àwọ̀ mọ̀ mọ́. Lọ́sàn-án Sunday, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fẹ́ sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, èmi á fi ẹ̀mú kékeré gbé sítáǹpù sókè. Wọ́n á ní, "Ovi ṣie," ìyẹn ọmọ mi lédè Gùn wa, "èwo ló dúdú jù?" Mo bá dáhùn. Wọ́n á ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú? Àbí èéfín ẹja ìyá ẹ ti ba ojú tìẹ náà jẹ́?" A ó wá rẹ́rìn-ín títí.

Méjì kan wà tí wọ́n fẹ́ràn jù, àwòrán ẹyẹ ló wà lára méjèèjì. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Èyí tó dúdú bá lẹ́tà àkọ́kọ́ wá, èyí tó ṣá bá ìkẹyìn. Baba ní bí ojú àwọn bá là pẹ́nrẹ́n, àwọn ẹlẹ́yẹ yẹn làwọn máa kọ́kọ́ wò.

Ọmọ wọn obìnrin wá mú wọn lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní Porto-Novo. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilé wọn sì ń jò, wọ́n bá gbé álíbọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: kí n má jẹ́ kí ọ̀rinrin mú wọn.

Ẹ̀yin ará etí ọ̀sà, níbo la máa ń gbé ohun tá ò fẹ́ kó bu sí? Àgbàdo tá a fẹ́ gbìn ńkọ́? Ṣebí òkè ààrò ni! Mo gbé wọn sórí àjà, lókè ibi tí màámi ti ń yan ẹja. Màámi bi mí pé ṣé ìwé ń jẹ èéfín ni? Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, gbígbẹ ni Baba ń fẹ́. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi yẹ̀ wọ́n wò. Ọjọ́ tí mo ṣí wọn... ẹ gbà mí o! Gbogbo ojú ewé ti pọ́n bí awọ ẹja yíyan. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù tó mú àwọn sítáǹpù dúró, wọ́n ti já wálẹ̀ sórí ara wọn. Mo rí àwọn ẹlẹ́yẹ méjèèjì, àmọ́ èyí tó dúdú àtèyí tó ṣá ti di àwọ̀ kan náà. Èmi tí mo jẹ́ ojú fún Baba, mi ò dá wọn mọ̀ mọ́!

Baba dé, ojú wọn mọ́ kedere. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi béèrè àwọn ẹlẹ́yẹ. Ẹ̀rù bà mí, mo purọ́. Mo ní òjò ló wọlé. Baba gbé ìwé náà súnmọ́ imú, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n wò mí. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn rọra ní, "Ovi ṣie, èwo ló kọ́kọ́ wá nínú méjèèjì?"

Mo nàka sí ọ̀kan. Mo kàn nàka ni o!

Baba tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ò kúrò láyà mi.

Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn báyìí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ́sàn-án Sunday, mo máa ń gba iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá, mo sì máa ń retí kẹ́nì kan bi mí pé èwo ló dúdú jù. Ìlẹ̀kùn títì ni mò ń bá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, bí wọ́n bá fún ẹ ní nǹkan tọ́jú, bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Èéfín tó ń gba ẹja là kì í gba ìwé là. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ba ohun tí àgbà fi síkàáwọ́ yín jẹ́ rí? Kí lẹ sọ fún wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bóyá mo lè rí bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀.

Torí pé ọmọ Baba pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní Baba ti yọ ẹlẹ́yẹ kan sọ́tọ̀, èyí tí mo nàka sí, àràárọ̀ ni wọ́n ń wò ó, wọ́n á ní òun ni Ilona kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Mo ṣì jẹ wọ́n ní gbólóhùn kan: Baba, mi ò mọ èyí tó kọ́kọ́ wá.