Agbòòrùn inú Táńkì Kẹta

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ahọ́n mi ó di igi. Ọkùnrin kan wà tó ń fọ táńkì nílé iṣẹ́ ọtí, ẹ̀rù ló sì fi dàgbà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wo ẹnu táńkì bí ẹni ń wojú ejò. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn ò mọ̀ ju pé kí iṣẹ́ tètè parí.

Ọmọbìnrin ọkùnrin yìí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ayé ńlá tó wà lójú ọ̀run. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, Júpítà ò nílẹ̀ téèyàn lè tẹ̀. Oríṣiríṣi gáàsì ni. Nísàlẹ̀, ìjì ń pò wọ́n pọ̀ bí ẹni po ọ̀dà, ẹ ò ní mọ èyí tó wúwo yàtọ̀ sí èyí tó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lókè tí agbára pípò yẹn ti ń tán. Láti ibẹ̀ lọ, oníkálukú á mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: èyí tó wúwo á rẹlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á máa gòkè. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń wá."

"Mo mọ ibẹ̀," ni bàbá wí. "Ìsàlẹ̀ táńkì kẹta ni."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tan fáànù sẹ́nu táńkì kẹta, ẹnu tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi okùn sọ àbẹ́là kalẹ̀ sínú rẹ̀. Àbẹ́là náà dé ìsàlẹ̀ láìkú: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe é mí. Kíákíá ti gbẹ́sẹ̀ lé àkàsọ̀.

"Okùn ìdí rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ewúrẹ́ tí wọ́n so kì í sọnù. So ó."

Ó so ó, ó ń kùn, ó sì wọlé. Kò pẹ́ tí iná mànàmáná fi lọ. Fáànù yí díẹ̀ sí i, ó dúró.

Ẹ̀gbọ́n sáré bẹ ẹnu táńkì wò. Ohun tó ń po afẹ́fẹ́ ti kú. Gáàsì tó ń ru jáde látinú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí wúwo. Yóò jókòó sísàlẹ̀, yóò sì máa ga díẹ̀díẹ̀: orúnkún, àyà, imú.

"Kíákíá, máa bọ̀ lókè."

Ẹ̀rín ọ̀mùtí ló fi dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Ẹ̀gbọ́n fa okùn, okùn ti há mọ́ àkàsọ̀. Bí òun náà bá wọlé, òkú á di méjì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó já agbòòrùn pupa rẹ̀ lára ògiri, ó so okùn àbẹ́là mọ́ èèkù rẹ̀, ó ṣí i, ó sì dorí rẹ̀ kodò sínú táńkì. Ó ń fà á sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, ó ń po táńkì náà bí ẹni tí wèrè ń ṣe. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kogójì, apá rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ikọ́ dún nísàlẹ̀.

"Ta ló ń fi agbòòrùn gbá mi lórí?"

"Tú okùn yẹn lára àkàsọ̀, kí o máa gòkè bọ̀, àgbàyà."

Láti ìgbà náà, Kíákíá fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ béèrè okùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀, bí fáànù bá dákẹ́, ìbáà ṣe ní yàrá tó ń sùn, àyà rẹ̀ á já.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọ̀ pupa yẹn nìkan ni mo fi kún un. Agbòòrùn dúdú ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní dúdú, nínú òkùnkùn táńkì, ta ni yóò rí i?