Ilasa Ojú Bọ́ọ̀dù

Mo jowú àgùnbánirọ̀ kan. Ẹ má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un, owú ni.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n pín sí iléèwé wa n'Ígbó-Ọrà, pé kó máa bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Kò tíì lo oṣù kan tí àwọn ọmọ fi ń jà nítorí ta ni yóò bá a gbé báàgì. Èmi tí mo ti lo ọdún méjìdínlógún níbẹ̀, ta ló gbé báàgì tèmi rí?

Lọ́jọ́ kan, mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọọdún: ilasa, ọbẹ̀ ewé ilá tí a ń jẹ nílùú wa, ló ń jẹ́ ká máa bí ìbejì. Wọ́n ń dà á kọ. Àfi bí àgùnbánirọ̀ ṣe dìde níbi tó jókòó sí lọ́wọ́ ẹ̀yìn nínú kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè bi wọ́n ní nǹkan?"

Kí ni mo fẹ́ sọ lójú àwọn ọmọ? Mo ní kó bi wọ́n.

"Ìyá ta ló se ilasa lọ́sẹ̀ yìí?" Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. "Ìyá ta ló bí ìbejì?" Ọwọ́ mẹ́jọ péré. "Àwọn tó kù ńkọ́? Ilasa tiwọn ò ṣiṣẹ́ ni?"

Ni kíláàsì bá dàrú, oníkálukú fẹ́ sọ tiẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ẹ má wulẹ̀ pa òwe ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n fún mi.

Ọmọbìnrin kan níwájú wá kọjú sí mi, kò sì ní èrò ibi kankan lọ́kàn. "Mà, ẹ̀yin náà ń jẹ ilasa. Mo máa ń rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ sì bí àwọn ọmọ yín."

Ojú gbà mí tì. Àgùnbánirọ̀ sáré bá a wí, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà bà mí. Títí ìyá ọkọ mi fi kú, ó ń sọ pé ṣíṣa ni mò ń ṣa ilasa jẹ, pé mi ò jẹ ẹ́ tó, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi bí ìbejì bíi ti ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ mo jẹ ẹ́ títí ó fi sú mi. Mo tún wá ń fi ṣọ́ọ̀kì dá ara mi lẹ́bi lọ́dọọdún.

Mo mú dọ́sítà, mo nu bọ́ọ̀dù. Ara mi fúyẹ́, àmọ́ owú ọ̀hún ò lọ. Ó tilẹ̀ le sí i ni. Ṣebí iwájú mi náà làwọn ọwọ́ yẹn wà láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò ní kí wọ́n nà án sókè rí.