Ohun tí Ràfíátù sọ nípa bọ́dà

Ràfíátù kò fẹ́ràn sójà rárá. Bouaké ló ti ń ránṣọ nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2002. Ọta ìbọn tó ṣìnà ló pa ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ó pọn Mùbárákà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó padà sí Ẹ̀jìgbò. Nígbà tọ́mọ náà dàgbà, ará Màràdí kan tó ń ta àlùbọ́sà fẹ́ ẹ, ó sì mú un lọ sí Niger.

Lóṣù keje ọdún 2023, sójà gbàjọba níbẹ̀. Kò pẹ́ tí oníròyìn rédíò kan fi yà sí ìsọ̀ Ràfíátù, ó ń bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí ló yẹ káwọn orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn jọ ṣe. Wàhábì, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, ní kí wọ́n kó ọmọ ogun jọ, kí wọ́n lọ lé àwọn sójà náà dànù. Inú bí Ràfíátù.

"O ti gbọ́ ìró ìbọn rí? Kí wọ́n má rán sójà kankan o! Bọ́dà ni kí wọ́n tì pa. Tí nǹkan bá le fún wọn, wọ́n á gbéjọba sílẹ̀."

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn ń kí i lójú títì pé ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti bọ́dà lóòótọ́.

Mùbárákà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Ràfíátù di ẹrù láti lọ bá a wẹ ọmọ, ó wọkọ̀ títí dé Jibiya lẹ́nu bọ́dà. Ó kúnlẹ̀ fún sójà tó wà níbẹ̀ pé kó jẹ́ kóun kọjá.

"Ẹ dìde, Màmá," ni sójà náà wí, ọmọ Yorùbá ni. "Àṣẹ ni. Gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè náà ló jọ fọwọ́ sí i. Ẹ padà sílé."

Ọjọ́ kẹwàá tó dé Ẹ̀jìgbò, Mùbárákà pè é.

"Maman, ọmọ ò dúró. Kò síná, ẹ̀rọ tí wọn ì bá gbé e sí ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà náà ni Nàìjíríà gé iná." Ó sunkún títí. "Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n ṣe gbogbo èyí?"

"Àwọn ìjọba ni," ni Ràfíátù wí.

Nígbà tí Wàhábì wá bá a kẹ́dùn, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ tì í, ìyá. Ta ló ń gbọ́ ti aráàlú?" Ràfíátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sọ ohun tó wí lórí rédíò fún Mùbárákà.

Bọ́dà ti ṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Mùbárákà ń pè é pé kó máa bọ̀. Orúnkún ń dun òun, ni Ràfíátù máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀ orúnkún rẹ̀ le koko.