Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Láìsí Àmì

Bí ẹ bá wọ Ìdèrè tí ẹ ń béèrè Malachi Àkànó, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ pé Tíṣà Látìnì, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, dípò kó sinmi bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tó fẹ́ fi ṣàlàyé lédè Yorùbá ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ ìwé òyìnbó ti ṣẹ̀ wá. Ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀? Kò sẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan há a lọ́fun. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "verse", Faransé ní "vers", Ítálì àti Sípéènì ní "verso", Jámánì ní "Vers". Látìnì ni ìyá gbogbo wọn: "versus", ìyẹn ohun tó ti yí. Àwọn àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bí àgbẹ̀ Róòmù bá túlẹ̀ dé òpin poro, á yí padà, á mú poro mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni akéwì ń parí ìlà kan tí á yí sí òmíràn. Lóòótọ́ a ní "ẹsẹ", ṣùgbọ́n Tíṣà fẹ́ gbólóhùn tí àgbẹ̀ Ìdèrè á gbọ́ tí á mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Salome ìyàwó rẹ̀. Ọmọ́tárá nìkan ló ń bá a fà á, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tóun náà ń ṣe tíṣà ní Èrúwà. Kò sí ohun tí Malachi fẹ́ràn láyé tó ọmọ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ọmọ́tárá wọ mọ́tò èrò lọ síbi iṣẹ́, ó fi mọ́tò bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé. Bó ṣe lọ tán ni bàbá rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í pé báwo ni kóun ṣe kọ "versus" kó lè yé àgbẹ̀. Aago mẹ́jọ kù díẹ̀ ni èsì dé: "Oko ti yi."

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ta ló ń fàmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Tíṣà kà á, ó fò sókè. Ọkọ́ ti yí! Ọkọ́ tí a fi ń roko, tó dé òpin poro, tó yí. Ó tilẹ̀ fi "ti" sí i gẹ́lẹ́ bí Látìnì ṣe fẹ́. Ó tẹ èsì padà kíá: "Mo ti ri i, omo mi."

"Ọmọ ti débẹ̀?" Salome bi í láti ilé ìdáná.

"Ara rẹ̀ le. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ."

Ó jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ń kọ ọ́ lọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

Aago mọ́kànlá ni Àkíbù, ọlọ́kadà àdúgbò wọn tó ń ná ọ̀nà Èrúwà, wọlé tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Mọ́tò tí Ọmọ́tárá wọ̀ ti gbókìtì láàárín Igbó-Ọrà sí Èrúwà. Ọkọ̀ lọmọ ń wí, kì í ṣe ọkọ́. Ọkọ̀ ti yí dànù. "Dànù" ni ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ̀ mọ́.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé ìpè, sà," Àkíbù ní. "Mo ní kí n gbé Àǹtí sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sọ́sibítù, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní inú ń ro àwọn, ọ̀kadà á gbọn àwọn jù. Wọ́n fi fóònù hàn mí. Wọ́n ní, 'Wò ó, bàbá mi ti rí i. Wọ́n á gbé mọ́tò wọn wá.'"

"Ó tó ìgbà wo?"

"Bíi wákàtí méjì, sà. Bí mọ́tò kan bá ti yọ, wọ́n á gbórí sókè, wọ́n á bi mí bóyá ẹ̀yin ni. Títí wọ́n fi dákẹ́."

Malachi ò lè sunkún. Salome ti jáde láti ilé ìdáná, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró ti àga ọkọ rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́tárá," ó ní, "kí lẹ rí?"