Orúkọ Kẹta

Láti ọjọ́ tí omi ti gbé Maku ẹ̀gbọ́n mi lọ, ìdí ìyá mi kò balẹ̀ mọ́. Á wọlé, á jáde, á dé etí ọ̀sà níbi tí a ti ń kó iyọ̀, á tún padà. Á gbé ìkòkò kaná, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí á fi jóná. Ohunkóhun tí o bá bi í, "Mi ò mọ̀" ni. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni èmi náà ń tẹ̀ lé e.

Àǹtí Dede, àkọ́bí wa, ti Accra dé pẹ̀lú báàgì òfìfo kan. Ó ní àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà ló mú Màmá, lọ́jọ́ Sátidé òun máa gbé e lọ sílé òun, òun á sì máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà sọnù. "Ìyá Kékeré lè dúró sí Ada níbí ní tiẹ̀. Orí tiẹ̀ pé."

Ìyá Kékeré ni Dọ́kásì, àbúrò Màmá tí wọ́n jọ ń gbélé, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Mo ní ṣé Màmá tó ti ń jí rí ọ̀sà láti kékeré ni wọ́n fẹ́ lọ tì mọ́ yàrá.

"Ẹnu lásán lo ní, Mamle," ni Dede wí.

Ní Fúráìdé, nọ́ọ̀sì wá yẹ àwọn méjèèjì wò. Ó ní kí kálukú ka àwọn ọmọ tó bí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ìbéèrè wo nìyẹn fún ará Ada? Obìnrin àkọ́kọ́ ni Dede, ìkejì Kọkọ, ìkẹta Maku, ìkẹrin Mamle, bó ṣe rí nílé gbogbo nìyẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lè kà á.

Ìyá Kékeré ò tilẹ̀ mí. "Dede, Kọkọ, Maku, Mamle." Ó bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin méjì péré ló bí, Tete àti Teye. Àmọ́ Dede pàtẹ́wọ́, ó ní ṣebí Ìyá Kékeré ló wẹ̀ wá, ṣé a kì í ṣe ọmọ ẹ̀ ni?

Ó wá kan Màmá. "Dede," ó ní. "Kọkọ." Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ta ló kàn, Màmá?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò rí i? Ọmọ tó fikùn ara ẹ̀ bí," ni Dede wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Màmá sínú báàgì.

Inú bí mi, mi ò lè purọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ká má dárúkọ Maku létí Màmá, ṣùgbọ́n mo já báàgì náà gbà. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bi í nípa ọjọ́ tí ọkọ̀ Maku dojú dé."

Màmá dúró. "Túsìdé ni. Ìró aláwọ̀ ewé ló ró. Ó jẹ ààbọ̀ ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́, ó ní kí n bá òun tọ́jú èyí tó kù. Àpò iyọ̀ mẹ́fà ló kó sọ́kọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ń le o. Èmi ni mo ní kó máa lọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. "Mo mọ ẹni tó kàn. Tí mo bá pè é, ta ló máa jẹ́ mi?"

Ẹkún bò mí. Nọ́ọ̀sì rọra ṣàlàyé pé kì í ṣe àrùn ìgbàgbé, pé ìbànújẹ́ tó jókòó ti èèyàn pẹ́ lè dí i lọ́nà ìrònú, ó sì ní ìtọ́jú. Ìbànújẹ́ dorí àgbà kodò, àwa ń pè é ní ìgbàgbé.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì bi Ìyá Kékeré náà: Tete àti Teye ńkọ́?

"Àwọn wo nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò bímọ ọkùnrin rí."

Teye wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ ẹja kan wá fún un. Láti Kérésì ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní "ọ̀gá", a rò pé ó ń fi ṣeré ni. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Dede wo báàgì. "Ṣé òun ni ká gbé lọ, nígbà náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń lọ." Màmá jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì dìde mọ́. "Láàárọ̀ àná, ó bu oúnjẹ Maku sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tórí yín pé, ẹ ti ń fo orúkọ ọmọ mi láti ọdún kan sẹ́yìn. Òun nìkan ló ṣì ń pè é nínú ilé yìí."

Mo kó aṣọ Màmá kúrò nínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan.